Owó Àpérò Àwọn Ọ̀dọ́ Onímọ̀ Fáírọ́ọ̀sì Kì í Ṣe Ìnákúnàá

Bí àwọn ọ̀dọ́ onímọ̀ sáyẹ́ǹsì bá ti kọ̀wé béèrè owó àpérò, ọ̀rọ̀ kan náà ló máa ń jáde lẹ́nu àwọn tó di àpò owó mú: àríyá ni wọ́n fẹ́ lọ ṣe. Wọn a ní kò sí ohun tí wọ́n ń bá lọ ju kí wọ́n sùn sí òtẹ́ẹ̀lì, kí wọ́n jẹ, kí wọ́n mu, kí wọ́n sì ya fọ́tò. Kò yani lẹ́nu. Irú àpérò tí àwọn fúnra wọn ń lọ nìyẹn. Ṣùgbọ́n nígbà tí irú ìdáhùn bẹ́ẹ̀ bá lọ sọ́dọ̀ àwọn tó ń ṣèwádìí nípa àwọn fáírọ́ọ̀sì ńláńlá tó ní DNA, ẹ̀mí ènìyàn àti iṣẹ́ òòjọ́ àwọn ará ìlú ni wọ́n fi ń ṣeré.

Ìtọ́ni tó wà nínú àwọn fáírọ́ọ̀sì wọ̀nyí ló gùn tí wọ́n fi ń pè wọ́n ní ńlá. Bí ènìyàn bá ka ìtọ́ni náà bí lẹ́tà inú ìwé, ti kòrónà kò ju nǹkan bí 30,000 lọ. Ti mpox, tí wọ́n ń pè ní monkeypox tẹ́lẹ̀, súnmọ́ 200,000. Ìbátan mpox ni ìgbóná, àrùn tí àwọn baba ńlá Yorùbá bẹ̀rù débi pé wọn kì í dárúkọ Ṣọ̀pọ̀ná ní gbangba, tí Àjọ Ìlera Àgbáyé sì kéde ní ọdún 1980 pé ó ti pòórá. Lára àwọn fáírọ́ọ̀sì ńláńlá náà ni èyí tó ń fa ibà ẹlẹ́dẹ̀ ilẹ̀ Áfíríkà. Òun ló wọ ọgbà ẹlẹ́dẹ̀ Òkè-Aró, lẹ́bàá ààlà Èkó àti Ògùn, ní ọdún 2020, tí ọ̀pọ̀ olùsìn ẹlẹ́dẹ̀ fi di ẹni tí kò ní nǹkan kan mọ́.

Ní oṣù Kẹsàn-án ọdún 2017, mpox tún yọjú ní Nàìjíríà lẹ́yìn nǹkan bí ogójì ọdún. Ọmọ ọdún mọ́kànlá kan ní Bayelsa ni wọ́n kọ́kọ́ rí i lára rẹ̀. Dókítà Dimie Ogoina àti àwọn tí wọ́n jọ ń ṣiṣẹ́ ṣàkíyèsí pé àwọn ọ̀dọ́kùnrin ló pọ̀ jù nínú àwọn tó ń kó o, tí egbò sì wà lójú ara wọn. Wọ́n kọ ọ́ síwèé pé ó ṣeé ṣe kí ìbálòpọ̀ máa tàn án ká. Ta ló gbọ́? Oṣù Karùn-ún ọdún 2022, nígbà tó dé Yúróòpù àti Amẹ́ríkà, ni etí ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣí, tí owó ìwádìí sì bẹ̀rẹ̀ sí í tú jáde. Nígbà tí wọ́n wá ka ìtọ́ni fáírọ́ọ̀sì náà dáadáa, àpá tí wọ́n bá lára rẹ̀ fi hàn pé láti nǹkan bí ọdún 2016 ló ti ń ti ara ènìyàn kan bọ́ sí òmíràn.

Àwọn kan yóò ní ilé ìwòsàn tí kò ní ìbọ̀wọ́, kí ló kàn án kan àpérò? Òótọ́ ni pé kò sí ìbọ̀wọ́. Àmọ́ kì í ṣe àpérò ló kó owó ìbọ̀wọ́ lọ, àwọn tó ń béèrè náà sì mọ ibi tó gbà.

Àǹfààní àpérò yìí ni pé ó ń kó àwọn tí kì í pàdé jọ. Dókítà ènìyàn ń bá dókítà ènìyàn ṣèpàdé. Dókítà ẹran ń lọ sọ́dọ̀ ẹgbẹ́ tirẹ̀. Ẹni tó ń wo fáírọ́ọ̀sì inú omi kò mọ ìkankan nínú wọn. Ohun tí irú ìpínyà bẹ́ẹ̀ ń dá sílẹ̀ ti hàn rí. Ní ọdún 1992, wọ́n rí ohun abẹ̀mí bíńtín kan nínú omi ní Bradford, nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Bakitéríà ni wọ́n pè é, torí bakitéríà ni wọ́n ń wá. Ọdún 2003 ni àwọn onímọ̀ ní Marseille, nílẹ̀ Faransé, tó fi yé ayé pé fáírọ́ọ̀sì ni, Mimivirus. Abẹ́rẹ́ àjẹsára ibà ẹlẹ́dẹ̀ tí Vietnam kọ́kọ́ fọwọ́ sí ńkọ́? Jíìnì kan ṣoṣo ni àwọn onímọ̀ Amẹ́ríkà yọ kúrò lára fáírọ́ọ̀sì náà tí wọ́n fi rí i ṣe. Ẹni tó mọ iṣẹ́ jíìnì kọ̀ọ̀kan ló lè mọ èyí tó yẹ ní yíyọ.

Owó TETFund kò kan ifásitì aládàáni, bẹ́ẹ̀ sì ni ACEGID, ibùdó tó mọ ìtọ́ni fáírọ́ọ̀sì í kà, wà ní Ifásitì Redeemer's ní Ẹdẹ. Ẹni tó bá sì rówó, físà ń dúró dè é lọ́nà: ní ọdún 2022, Kánádà kọ físà fún ọ̀pọ̀ ọmọ Áfíríkà tó yẹ kó wà níbi àpérò àgbáyé lórí AIDS ní Montreal, títí kan àwọn tí wọ́n fẹ́ sọ̀rọ̀ níbẹ̀. Kí ìjọba dá owó sọ́tọ̀ fún àwọn ọ̀dọ́ wọ̀nyí, ìbáà jẹ́ ifásitì ìjọba ni wọ́n wà tàbí ti aládàáni. Kí àwọn olówó òkèèrè sì gbé àpérò náà wá sí Ẹdẹ, kí ó kan àwọn ọ̀dọ́ Jámánì àti Faransé láti tò fún físà. Gómìnà lè fi ọ̀rọ̀ ìkíni tirẹ̀ ránṣẹ́ ní ojú ìwé kan péré, kí akẹ́kọ̀ọ́ tó bá wá láti Bayelsa lè rí ogún ìṣẹ́jú sọ ohun tó rí.