Abẹ́rẹ́ Ò Ju Gbẹ́rẹ́ Lọ

Ọ̀rọ̀ tí mo gbé wá lónìí, orí ara mi ni mo ti fẹ́ bẹ̀rẹ̀ rẹ̀, kí ẹnikẹ́ni má baà rò pé òun ni mò ń bá wí.

Èmi akọ̀wé yín yìí, tí mo máa ń pariwo "ẹ dákẹ́ ẹnu" ní ìpàdé, ẹ̀rù abẹ́rẹ́ ń bà mí. Kì í ṣe eré o. Nígbà kan, òùngbẹ ń gbẹ mí ṣáá, mò ń tọ̀ lemọ́lemọ́, mà á dìde lẹ́ẹ̀mẹrin lóru. Dókítà ní kí n lọ yẹ ẹ̀jẹ̀ mi wò. Mo ká ìwé rẹ̀ sínú àpò owó, mo ń gbé e kiri fún oṣù márùn-ún. Bí ọmọ mi bá bèèrè, mà á ní ọjà ń yá, Ìdúmọ̀tà ò ṣeé fi sílẹ̀ lọ́sẹ̀ yìí. Irọ́ ni. Ẹ̀rù ni.

Ọjọ́ tí mo wá lọ, bí wọ́n ṣe so rọ́bà mọ́ mi lápá báyìí, ojú mi ṣú, mo dákú. Nígbà tí mo lajú, àwọn kan ń rẹ́rìn-ín pé àgbàlagbà bíi tèmi! Ìtìjú mú mi, mo gba ilé lọ. Ó tó oṣù méjì kí n tó padà, ìtọ̀ ṣúgà ti wọlé, ojú mi sì ti ń ṣe bàìbàì. Dókítà ní irú ìfàsẹ́yìn báyìí ló ń ba ojú, kíndìnrín àti ẹsẹ̀ èèyàn jẹ́. Ọpẹ́ ni fún Ọlọ́run, mò ń lo oògùn.

Nọ́ọ̀sì tó gba ẹ̀jẹ̀ mi lọ́jọ́ náà ló là mí lójú. Ó ní ẹ̀rù abẹ́rẹ́ yàtọ̀ sí ẹ̀rù mìíràn. Bí ajá bá lé èèyàn, ẹ̀jẹ̀ á ru sókè. Ṣùgbọ́n bí ẹlẹ́rù abẹ́rẹ́ bá rí ẹ̀jẹ̀, tirẹ̀ á kọ́kọ́ ru, á sì já wálẹ̀ lójijì. Ẹ̀jẹ̀ ò ní dé ọpọlọ dáadáa, ìdí nìyẹn tó fi ń ṣubú. Ó tún máa ń wà nínú ìdílé. Kì í ṣe ojo o, ara ni.

Ó sì ní ọ̀nà. Ní ọdún 1987, ọ̀mọ̀wé ará Sweden kan, Lars-Göran Öst, àti ẹnìkejì rẹ̀ kọ ọ́ sílẹ̀. Ẹ mú itan, ikùn àti apá tí wọn ò ní gún le, bí ìgbà tí ẹ fẹ́ gbé ẹrù aṣọ tó wúwo. Ẹ kà á dé 15, títí ojú yín á fi gbóná. Ẹ dẹ̀ ẹ́, kẹ́ ẹ sinmi díẹ̀, kẹ́ ẹ tún ṣe é, lẹ́ẹ̀marùn-ún. Ẹ kọ́ ọ nílé ṣáájú. Bẹ́ ẹ bá débẹ̀, ẹ sọ fún nọ́ọ̀sì pé ẹ̀rù ń bà yín, ẹ ní kí wọ́n jẹ́ kẹ́ ẹ dùbúlẹ̀, ẹ wo ibòmíràn. Ẹ má sáré dìde.

Àwọn kan ní wọ́n á fa ẹ̀jẹ̀ àwọn tán. Rárá o. Ẹ̀jẹ̀ ara àgbàlagbà fẹ́rẹ̀ẹ́ kún kẹ́ẹ̀gì òróró onílítà márùn-ún. Ṣíbí tíì kan tàbí méjì ni wọ́n ń gbà fún àyẹ̀wò. Ṣé àwa tí wọ́n sín gbẹ́rẹ́ fún, tí wọ́n lu etí fún, la wá ń sá fún ìyẹn? Kìkì pé kẹ́ ẹ rí i pé wọ́n tú abẹ́rẹ́ tuntun lójú yín.

Ọ̀rọ̀ yìí kan àwọn ọmọ wa náà. Bí AS bá fẹ́ AS, nínú oyún kọ̀ọ̀kan, ìdá kan nínú mẹ́rin ni pé ọmọ lè jẹ́ SS. Ẹ̀jẹ̀ nìkan ló lè sọ ọ́ kí wọ́n tó ṣègbéyàwó. Ẹ tún rántí àwọn aboyún tó ń bímọ ní Island Maternity, ní Campbell Street tó wà nítòsí wa. Bí ẹ̀jẹ̀ bá ya lára abiyamọ, ẹ̀jẹ̀ èèyàn bíi tiwa ni wọ́n máa fà sí i lára. Kò sí ilé iṣẹ́ tó ń ṣe é.

Ìmọ̀ràn mi nìyí: kí ẹgbẹ́ wa pe àwọn nọ́ọ̀sì wá sí ìpàdé lọ́jọ́ kan. Ká lọ ní méjì-méjì, kí ẹni tí ò bẹ̀rù di ọwọ́ ẹni tó ń bẹ̀rù mú. Ẹni tó bá sì fi ẹlẹ́rù ṣe yẹ̀yẹ́, kó san owó ìtanràn. Èmi ni mo máa kọ́kọ́ na apá. Ìlera loògùn ọrọ̀. Ire o.

Èmi ni, Akọ̀wé yín.