Ọmọ Ìjẹ̀bú àti Gẹ̀ẹ́sì Ojoojúmọ́

Nígbà tí àwọn ọmọ-ogun Gẹ̀ẹ́sì ṣẹ́gun Ìjẹ̀bú ní Ìmàgbọn ní ọdún 1892, ìlẹ̀kùn tí ìlú náà ti tì mọ́ àwọn oníwàásù láti ọjọ́ pípẹ́ ṣí sílẹ̀. Láìpẹ́, àwọn tí kò fẹ́ rí òyìnbó sójú bẹ̀rẹ̀ sí wá ìwé òyìnbó lójú méjèèjì. Ní ọdún 1913, wọ́n dá Ijebu-Ode Grammar School sílẹ̀. Oníṣòwò ni Ìjẹ̀bú, ó sì tètè mọ̀ pé ẹni tí ó gbọ́ èdè oníbàárà rẹ̀ kì í pàdánù lọ́jà. Kò sí ẹni tí yóò bá wọn wí nítorí èyí. Ọ̀nà tí ọmọ ń gbà kọ́ èdè náà ni ó yẹ ní yíyẹ̀wò.

Ní ilé-ẹ̀kọ́ púpọ̀, bí Yorùbá bá bọ́ lẹ́nu ọmọ, yóò san owó ìtanràn tàbí kí ó jẹ ẹgba. “Vernacular” ni wọ́n sọ èdè ìyá rẹ̀ dà níbẹ̀. Ọmọ náà yóò wá dákẹ́, ẹni tí ó bá sì dákẹ́ kò lè kọ́ èdè kankan.

Orúkọ nǹkan kò ṣòro í kọ́. Ọmọ ọdún mẹ́ta lè pe bàtà ní “shoe”. Ọ̀rọ̀ tí ènìyàn fi ń bá ẹnìkejì gbé ni ó le. Ọmọ tí ó ń jáde lọ, tí ó sì fẹ́ padà kíákíá, yóò sọ fún òyìnbó pé “I am coming”, nítorí pé “Mò ń bọ̀” ni ó wà lọ́kàn rẹ̀. Ẹnu yóò ya òyìnbó pé ẹni tí ó ní òun ń bọ̀ ni ó kọ ẹ̀yìn sí òun yìí. “I shall be back soon” ni ìbá gbọ́ yé. Bí òyìnbó bá fi ẹsẹ̀ kọ, ọmọ yóò ní “Sorry”, òyìnbó yóò sì máa rò ó pé kí ni ọmọ yìí ṣe tí ó fi ń tọrọ àforíjì, “Pẹ̀lẹ́” lásán sì ni. Bí ìyá bá ń pe ẹ̀gbọ́n, àbúrò yóò ní “They are calling you”, nítorí pé wọn kì í pe ìyá ní “ó”. Ọmọ yìí kì í ṣe òpè rárá. Ẹ̀kọ́ ilé ni ó ń túmọ̀. Ó kù kí olùkọ́ gbé èdè méjèèjì sí ẹ̀gbẹ́ ara wọn, kí ó sì fi hàn án ibi tí wọ́n gbé yàtọ̀. Olùkọ́ tí òfin ti dí lẹ́nu kò lè ṣe èyí.

Ilé ìdáná Ìjẹ̀bú pàápàá tó ilé-ìwé. Ìkọ́kọrẹ́ kò ní orúkọ ní Gẹ̀ẹ́sì, nítorí náà ọmọ yóò ní láti ṣàlàyé bí wọ́n ti ń rin ewùrà, tí wọ́n ń fi epo, ata àti ẹja sè é. Kí ó tó sọ ọ́ tán, yóò ti lo “grate”, “stir” àti “boil”, kò sì ní í gbàgbé wọn mọ́.

Ní ọdún 1970, Ọ̀jọ̀gbọ́n Bàbátúndé Fáfúnwá àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Yunifásítì Ifẹ̀ dán nǹkan kan wò ní ilé-ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ kan ní Mọdákẹ́kẹ́. Ọdún mẹ́fà gbáko ni wọ́n fi Yorùbá kọ́ àwọn ọmọ ní ohun gbogbo, tí olùkọ́ tí ó mọṣẹ́ sì ń kọ́ wọn ní Gẹ̀ẹ́sì lọ́tọ̀. Wọn kò rẹ̀yìn, kódà nínú Gẹ̀ẹ́sì, lẹ́gbẹ̀ẹ́ àwọn tí wọ́n fi Gẹ̀ẹ́sì kọ́ láti kíláàsì kẹrin.

Síbẹ̀, ìlànà tí ìjọba àpapọ̀ ṣe ní ọdún 2022, pé kí wọ́n máa fi èdè abínibí kọ́ ọmọ ní ọdún mẹ́fà àkọ́kọ́, ni ìjọba fagi lé ní oṣù kọkànlá ọdún 2025, tí wọ́n ní òun ni ó ń mú àwọn ọmọ kùnà nínú ìdánwò. Òótọ́ ni pé èdè púpọ̀ wà ní Nàìjíríà tí kò ní ìwé, tí kò sì ní olùkọ́. Yorùbá kò sí nínú wọn. Ní Ìjẹ̀bú-Òde, olùkọ́ tí ó gbọ́ èdè méjèèjì dáradára kò ṣọ̀wọ́n, kò sì sí òfin ìjọba kankan tí ó ní kí ilé-ẹ̀kọ́ gba owó ìtanràn lọ́wọ́ ọmọ nítorí “Ẹ káàárọ̀”.