Ipa Omi Lórí Máàsì

Bí òjò bá dá ní Anthony, ní ìlú Èkó, ọmọdé tí ó rí ipa tóóró lórí yanrìn ẹ̀bá títì mọ̀ pé àgbàrá ni ó gba ibẹ̀ kọjá. Irú èrò bẹ́ẹ̀ ni ó wá sí ọkàn àwọn onímọ̀ nígbà tí wọ́n rí ìlà dúdú lára àwọn òkè Máàsì, ìràwọ̀ pupa tí ó ń yí oòrùn ká bí ayé tiwa. Ìlà náà a máa gùn sísàlẹ̀ nígbà ooru, a sì máa parẹ́ nígbà òtútù. Ní oṣù kẹsàn-án ọdún 2015, NASA kéde pé ẹ̀rí lágbára pé omi iyọ̀ ń ṣàn níbẹ̀. Inú aráyé dùn, nítorí níbi tí omi bá wà, ẹ̀mí lè wà.

Ìkéde náà yá jù. Ní ọdún 2017, Colin Dundas àti ẹgbẹ́ rẹ̀ fi hàn pé gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ òkè nìkan, níbi tí yanrìn gbígbẹ ti lè ya fúnra rẹ̀, ni ìlà náà ń mọ. Omi ì bá ṣàn kọjá bẹ́ẹ̀ dé ibi títẹ́jú. Ohun iyì ni pé Alfred McEwen, ọ̀kan nínú àwọn tí ó kọ ìwádìí ti 2015, wà nínú ti 2017 pẹ̀lú.

Odò ti ṣàn ní Máàsì láyé àtijọ́, èyí dájú. Ti òní ni iyàn wà lórí rẹ̀. Àwòrán láti òkèèrè kò lè parí rẹ̀. Òkúta tí ó já láti ojú ọ̀run sí Zagami, ní ilẹ̀ Katsina, ní ọdún 1962, ènìyàn fọwọ́ kàn án: afẹ́fẹ́ tí ó há sínú rẹ̀ bá èyí tí ẹ̀rọ Viking wọ̀n ní Máàsì ní 1976 mu. Ẹ̀rọ kankan kò tí ì dé ìdí ìlà dúdú wọ̀nyí.