Ìkòkò Òjé Kì í Ṣe Ìkòkò Ọbẹ̀

À ń ka ìjálá ní kíláàsì, à ń yin ọdẹ, ṣùgbọ́n a kì í bèèrè bí ọta ṣe ń débẹ̀. Àwọn ọdẹ kan ṣì ń yọ́ òjé fúnra wọn, wọ́n á dà á sínú mọ́ọ̀dù, irin oníhò tó ń sọ ọ́ di ọta.

Bówó ò bá tó ńkọ́? Èrò tèmi ni pé mọ́ọ̀dù oníhò kan ti tó, bó bá ṣáà ti bá ẹnu ìbọn mu. Owó tó bá ṣẹ́ kù, kí ọdẹ fi ra ìkòkò irin tí ẹnikẹ́ni kò ní fi se ọbẹ̀ láé.

Òjé ń yọ́ ní 327°C. Iná igi lásán ká a. Ìrọ̀rùn yẹn gan-an lewu, torí òun ló ń gbé òjé wọ ilé ìdáná. Ní ọdún 2010, ó lé ní 400 ọmọdé tí òjé pa ní Zamfara, nígbà tí àwọn òbí wọn ń lọ òkúta góòlù tí òjé wà nínú rẹ̀. Òjé yẹn náà ni òjé ọta.

Ẹni tí bàbá rẹ̀ bá ń ṣọdẹ, kó bá wa sọ fún un: ẹ yọ́ ọ níta, ẹ fọwọ́ kẹ́ ẹ tó gbọ́mọ.