Bí ilé-iṣẹ́ bàálù méjì bá di ọ̀kan, ta ni àgbà?

Nínú agbo ilé Yorùbá, kì í sí àríyànjiyàn lórí ẹni tó jẹ́ ìyálé. Ọjọ́ tí obìnrin kọ́kọ́ fẹsẹ̀ tẹ ilé ọkọ ni wọ́n fi ń ka ipò rẹ̀. Ọjọ́ orí kọ́, ẹwà kọ́, owó sì kọ́. Bí ìyàwó tó wọlé lónìí bá fi ọdún mẹ́wàá ju ìyálé lọ, òun náà ni yóò kúnlẹ̀. Ṣùgbọ́n bí wọ́n bá wó ògiri tó wà láàrin agbo ilé méjì, tí wọ́n ní kí gbogbo obìnrin ibẹ̀ máa dáná pọ̀, ta ni ìyálé? Ìbéèrè yìí gan-an ló ti ń da àwọn awakọ̀ bàálù ilẹ̀ Amẹ́ríkà láàmú láti bí àádọ́ta ọdún sẹ́yìn, nígbàkígbà tí ilé-iṣẹ́ bàálù kan bá ra òmíràn.

Ẹni tó ń wo ọ̀rọ̀ yìí láti òkèèrè lè rò pé iyì lásán ni wọ́n ń jà lé lórí. Kì í ṣe bẹ́ẹ̀ rárá. Ní àwọn ilé-iṣẹ́ bàálù ńláńlá ní Amẹ́ríkà, awakọ̀ kọ̀ọ̀kan ló ní nọ́ńbà tirẹ̀ nínú ìwé àgbà, bí wọ́n ṣe gbà wọ́n síṣẹ́ tẹ̀lé ara wọn. Nọ́ńbà yìí ló ń sọ ẹni tí yóò jẹ́ ọ̀gá awakọ̀ àti ẹni tí yóò ṣe igbákejì. Òun ló ń sọ ẹni tí yóò wa bàálù ńlá tó ń sọdá òkun, tí owó rẹ̀ pọ̀, àti ẹni tí yóò máa wa kékeré láti ìlú dé ìlú. Òun náà ló ń sọ ẹni tí yóò bá ìdílé rẹ̀ ṣe Kérésìmesì. Bí ọjà bá sì kùtà, láti ìsàlẹ̀ ìwé ni wọ́n ti ń dá òṣìṣẹ́ dúró. Awakọ̀ tó ti lo ogún ọdún kò lè fi ìbínú kó ẹrù rẹ̀ lọ síbòmíràn, nítorí ìsàlẹ̀ pátápátá ni yóò ti bẹ̀rẹ̀ níbẹ̀. Òfin sì ti dá ọjọ́ ìfẹ̀yìntì fún un: ẹni 60 ọdún ni tẹ́lẹ̀, kí wọ́n tó sún un sí 65 ní oṣù Kejìlá 2007. Ẹni tí wọ́n bá tì sẹ́yìn nígbà tó ti lé ní àádọ́ta ọdún lè má rí àsìkò tí yóò fi padà sí ipò rẹ̀ mọ́.

Ọ̀nà mẹ́ta ni wọ́n sábà máa ń gbà da ìwé méjì pọ̀. Èkínní ni kí wọ́n ka ọjọ́ tí wọ́n gba oníkálukú síṣẹ́, ibi yòówù kó ti wá. Èkejì ni kí wọ́n fi ìwọ̀n ṣe é: bí ilé kan bá ní 600 ọ̀gá awakọ̀, tí èkejì ní 300, wọn yóò mú méjì níhìn-ín, ọ̀kan lọ́hùn-ún, títí tí wọn yóò fi tán, kí ẹni tó wà láàrin ìwé tirẹ̀ tẹ́lẹ̀ lè wà láàrin ìwé tuntun. Ẹ̀kẹta ni kí wọ́n kó àwọn ará ilé tí wọ́n rà, kí wọ́n lẹ̀ wọ́n mọ́ ìsàlẹ̀. Ẹni tó ti pẹ́ níṣẹ́ fẹ́ràn èkínní. Ẹni tí ilé-iṣẹ́ rẹ̀ ń ṣe dáadáa fẹ́ràn èkejì. Ẹni tó rajà ló máa ń fẹ́ ẹ̀kẹta.

Ẹ̀kẹta yìí ló bá ọ̀pọ̀ awakọ̀ TWA. Láti 1930 ni ilé-iṣẹ́ náà ti wà, ṣùgbọ́n gbèsè wọ̀ ọ́ lọ́rùn. Ní oṣù Kìn-ín-ní 2001, ó lọ sílé ẹjọ́ fún ìgbà kẹta pé òun kò lè san gbèsè mọ́, American sì rà á ní oṣù Kẹrin. Wọ́n ti sọ fún àwọn awakọ̀ rẹ̀ pé bí wọn kò bá yọwọ́ nínú àdéhùn tó dáàbò bo ipò wọn, ọjà náà lè má wáyé. Wọ́n yọwọ́. Nígbà tí ìwé tuntun jáde, èyí tó ju ìdajì wọn lọ bá ara wọn nísàlẹ̀ àwọn awakọ̀ American, títí kan àwọn tí kò tíì pé ọdún kan níṣẹ́. Wọ́n ṣètò kan fún wọn ní ìlú St. Louis láti fi tù wọ́n nínú, ṣùgbọ́n nígbà tó di 2003, American gé iṣẹ́ ibẹ̀ kù. Lẹ́yìn ìkọlù ọjọ́ 11 oṣù Kẹsàn-án 2001, èrò bàálù dínkù, ìdádúró sì bẹ̀rẹ̀ láti ìsàlẹ̀. Ẹni tó ti fi ọdún mẹ́wàá wa bàálù padà sílé. Ibi tí à ń pè lórí, wọ́n ti fi tẹlẹ̀.

Kì í ṣe pé Amẹ́ríkà kò rí irú èyí rí. Nígbà tí Allegheny gba Mohawk ní 1972, àjọ ìjọba tó ń ṣàkóso ọkọ̀ òfuurufú nígbà náà pàṣẹ pé ìdàpọ̀ ìwé àgbà gbọ́dọ̀ jẹ́ èyí tí kò ní ìrẹ́jẹ nínú, àti pé bí ẹnu kò bá kò, kí onílàjà dá a. Ṣùgbọ́n ìjọba tú ọjà bàálù sílẹ̀ ní 1978, àjọ náà sì kógbá sílé ní ìparí 1984. Láti ìgbà náà, ẹni tó bá lágbára láti kọ ọ́ sínú àdéhùn ló ń rí ààbò yẹn gbà. Ìyà tó jẹ àwọn òṣìṣẹ́ TWA ló mú kí àwọn sẹ́nétọ̀ méjì láti Missouri, Claire McCaskill àti Kit Bond, sọ ọ́ di òfin ní oṣù Kejìlá 2007. Òfin náà kò ran àwọn ti TWA lọ́wọ́, nítorí omi wọn ti dànù. Ní 2011, ilé ẹjọ́ kan ní New Jersey dá ẹgbẹ́ awakọ̀ tó ń ṣojú wọn, ìyẹn ALPA, lẹ́bi pé kò ṣojú wọn bó ṣe yẹ. Ní 2014, ẹgbẹ́ náà gbà láti san mílíọ̀nù 53 dọ́là. Owó dé, ipò kò padà.

Ti TWA hàn sí gbogbo ayé. Ti US Airways ló ṣòro láti dá, nítorí ìhà méjèèjì ló ní ẹjọ́ rere. Allegheny àtijọ́ náà ló yí orúkọ padà títí tó fi di US Airways. Ní oṣù Kẹsàn-án 2005, òun àti America West di ọ̀kan. Àwọn awakọ̀ US Airways ti pẹ́ níṣẹ́, ṣùgbọ́n ẹ̀ẹ̀mejì láàrin ọdún díẹ̀ ni gbèsè ti gbé ilé wọn lọ sí kóòtù, ó sì lé ní 1,000 nínú wọn tó wà nílé láìníṣẹ́. America West kò tíì pẹ́, 1983 ló bẹ̀rẹ̀ sí í fò, ṣùgbọ́n àwọn awakọ̀ tirẹ̀ wà lẹ́nu iṣẹ́. Àwọn àgbà ní bí ọmọdé bá láṣọ bí àgbà, kò lè ní àkísà bí àgbà. Àwọn tó kéré fèsì pé bí kì í bá ṣe aṣọ àwọn, àkísà yẹn ìbá ti fà ya tán.

Ẹgbẹ́ kan náà ló ń ṣojú ìhà méjèèjì, wọ́n sì gbà láti gbé ọ̀rọ̀ náà fún onílàjà tí ìdájọ́ rẹ̀ yóò jẹ́ àṣekágbá. George Nicolau dá a ní oṣù Karùn-ún 2007. Ó fi 517 nínú àwọn ti US Airways sókè, nítorí àwọn ló ní bàálù ńlá tó ń sọdá òkun. Ó fi àwọn tó wà nílé sísàlẹ̀, ó sì fi ìwọ̀n da àwọn yòókù pọ̀. Bẹ́ẹ̀ ni ẹni tí wọ́n ti gbà síṣẹ́ láti nǹkan bí ọdún mẹ́tàdínlógún ṣe bọ́ sábẹ́ ẹni tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ gbà. Ó dunni. Àwọn ti US Airways kọ̀ ọ́. Nítorí pé àwọn ló pọ̀ jù, wọ́n dìbò lé ALPA lọ ní 2008, wọ́n sì dá ẹgbẹ́ tuntun, USAPA, sílẹ̀. Kóòtù di ojoojúmọ́.

Kí ni èrè rẹ̀? Ìwé Nicolau kò lè ṣiṣẹ́ àfi bí ìhà méjèèjì bá tọwọ́ bọ àdéhùn iṣẹ́ kan ṣoṣo. Láti dènà ìwé náà, àdéhùn kò wáyé. Nítorí náà, fún ọ̀pọ̀ ọdún, àwọn tó ń jà fún ipò gba owó oṣù ìgbà tí ilé wọn wà nínú gbèsè, nígbà tí ẹgbẹ́ wọn níbòmíràn ń gba èyí tó ju bẹ́ẹ̀ lọ. American dà pọ̀ mọ́ wọn ní oṣù Kejìlá 2013. Ní 2015, ilé ẹjọ́ kò-tẹ́-mi-lọ́rùn dá USAPA lẹ́bi. Ní oṣù Kẹsàn-án 2016, àwọn onílàjà mẹ́ta gbé ìwé kan ṣoṣo jáde fún gbogbo wọn. Ọdún mọ́kànlá ti lọ, ọ̀pọ̀ nínú àwọn tí ìjà náà bẹ̀rẹ̀ lójú wọn sì ti fẹ̀yìntì láìrí òpin rẹ̀.

Delta àti Northwest fi hàn pé kò di dandan kó rí bẹ́ẹ̀. Nígbà tí wọ́n fẹ́ dà pọ̀ ní 2008, àwọn awakọ̀ méjèèjì fẹnu kò lórí àdéhùn iṣẹ́ kan náà kí ọjà tó parí ní oṣù Kẹwàá. Ìwé àgbà nìkan ló kù tí ẹnu kò kò lé lórí, wọ́n gbé e fún onílàjà mẹ́ta, ìdájọ́ sì jáde ní oṣù Kejìlá ọdún kan náà. Kì í ṣe gbogbo wọn ni inú wọn dùn, ṣùgbọ́n wọ́n tẹ̀lé e, wọ́n sì bá iṣẹ́ wọn lọ.

Ohun tó yẹ kí wọ́n di mú kò ju mẹ́ta lọ. Kí wọ́n yanjú ìwé àgbà kí owó ọjà tó kúrò lọ́wọ́ olùrà, torí lẹ́yìn náà, ẹni tí wọ́n rà kò ní agbára mọ́. Kí ọdún tí ènìyàn ti sìn àti iṣẹ́ tó ní lọ́wọ́ jọ wọ ìwọ̀n, kí a má fi ọ̀kan pa èkejì. Ẹni tó bá sì ti fẹnu ara rẹ̀ sọ pé kí onílàjà dá a, kó gba ìdájọ́ náà, ìbáà dùn, ìbáà korò. A kì í ti kóòtù bọ̀ ká ṣ'ọ̀rẹ́, bẹ́ẹ̀ awakọ̀ méjì ni yóò jókòó sínú yàrá tóóró kan náà, pẹ̀lú ẹ̀mí àwọn èrò lẹ́yìn wọn.