Ẹ Má Há Ìgbàgbọ́ Mọ́ Píríọ́dù Kan

Kò sí ọmọ tó ka báyọ́lọ́jì dé ìdánwò WAEC ní Ìkẹ́rẹ́, Ìsẹ̀ tàbí Emùré nílẹ̀ Èkìtì tí kò ní mọ Mendel. Yóò mọ̀ pé ọkùnrin náà gbin ẹ̀wà òyìnbó, ó kà wọ́n, ó sì rí bí àbùdá òbí ṣe ń dé ara ọmọ. Ohun tí sílábọ́ọ̀sì kò ní bi í ni irú ẹni tí Mendel jẹ́: ẹlẹ́sìn tó jẹ́jẹ̀ẹ́ nínú ẹgbẹ́ Augustine nílùú Brno, tó ṣe ìwádìí yẹn nínú ọgbà ilé ìsìn, tó sì kà á fáwọn onímọ̀ lọ́dún 1865. Ilé ẹ̀kọ́ ìjọba lè fo ìyẹn, kò sí ẹ̀bi. Ilé ẹ̀kọ́ Kátólíìkì tó bá fò ó, tó ní àwọn ṣáà ti gbàdúrà ní asẹ́ńbìlì, àwọn sì ní píríọ́dù ẹ̀kọ́ ìsìn lọ́jọ́rú, ń rẹ́ àwọn òbí tó ń sanwó jẹ ni. Láìfi igbá kan bọ ọ̀kan nínú, ìgbàgbọ́ gbọ́dọ̀ wọ inú gbogbo iṣẹ́ tí wọ́n ń kọ́ ọmọ, láti ìṣirò dé iṣẹ́ àgbẹ̀. Láìjẹ́ bẹ́ẹ̀, àgbélébùú orí géètì nìkan ni ilé ẹ̀kọ́ bẹ́ẹ̀ fi yàtọ̀ sí ti aládàáni yòókù.

Èrò yìí kì í ṣe tuntun. Àpérò Fátíkàn Kejì ti sọ ọ́ ní October 1965, nínú ìwé tí wọ́n pè ní Gravissimum Educationis, pé kí ìmọ́lẹ̀ ìgbàgbọ́ máa tàn sí ìmọ̀ tí ọmọ ń kó jọ nípa ayé àti ènìyàn. Ohun tójú wa rí nílé náà tó kọ́gbọ́n. Nígbà tí ìjọba gba ilé ẹ̀kọ́ lọ́wọ́ àwọn ìjọ ní àwọn ọdún 1970, Annunciation àti St. Louis ní Ìkẹ́rẹ́ wà lára àwọn tó bọ́ sọ́wọ́ ìjọba. Orúkọ wọn kò yí padà, ṣùgbọ́n orúkọ kì í dá kọ́ni. Níbi tí ìgbàgbọ́ bá ti jẹ́ ti fadá àti sísítà nìkan, tí kò sí nínú ohun tí olùkọ́ ìṣirò àti olùkọ́ ìtàn ń sọ, ọjọ́ tí fadá bá kó ẹrù ni ìgbàgbọ́ náà kó ẹrù.

Ilẹ̀ Èkìtì gan-an ni ẹ̀rí tó lágbára jù wà. Lọ́dún 1947, Fadá Kevin Carroll àti ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ nínú ẹgbẹ́ míṣọ́nárì SMA dá ibi iṣẹ́ ọnà sílẹ̀ ní Ọ̀yẹ́. Wọn kò kó ère Òyìnbó wá fún àwọn ọmọ iṣẹ́ pé kí wọ́n dà á kọ. Bándélé, ọmọ Aréògún ará Òsì, ni wọ́n pè, ẹni tí ìdílé rẹ̀ ti ń gbẹ́ ère òrìṣà tipẹ́. Lọ́wọ́ rẹ̀, àwọn Amòye tó wá kí Jésù jáde nínú ìmúra Yorùbá. Làmídì Fákẹ́yẹ, Mùsùlùmí láti Ìlá, kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ Bándélé níbẹ̀. Ó gbẹ́ ìlẹ̀kùn ṣọ́ọ̀ṣì, kò sì torí ẹ̀ fi Ìsìláàmù sílẹ̀. Ẹ wo bó ṣe rí: ìgbàgbọ́ wà nínú iṣẹ́ náà fúnra rẹ̀, kì í ṣe ìwàásù tí wọ́n lẹ̀ mọ́ ọn lára. Ní ọ̀dọ̀ tiwa níhìn-ín, Ọlọ́wẹ̀ ará Ìsẹ̀ ti gbẹ́ ìlẹ̀kùn fún Ògògà, ọba Ìkẹ́rẹ́, ṣáájú wọn. Ìlẹ̀kùn náà lọ sí àfihàn Wembley lọ́dún 1924, British Museum ló sì wà dòní. Ilé ẹ̀kọ́ Kátólíìkì tó wà ní Ìkẹ́rẹ́, tó ń kọ́ ọmọ ní iṣẹ́ ọnà láìmú Ọlọ́wẹ̀ àti Bándélé wá síwájú rẹ̀, kí ló wá ń kọ́ ọ?

Bákan náà ni ìṣirò. Olùkọ́ tó ń kọ́ni bí wọ́n ṣe ń ṣírò èlé kò nílò ẹsẹ Bíbélì kankan. Kó fi owó sogúndogójì tí àwọn ìyá ọlọ́jà ń yá ṣe àpẹẹrẹ, kí ọmọ ṣírò ohun tí ẹni tó yáwó yóò san pátá, lẹ́yìn náà kó bi í bóyá ó tọ́ bẹ́ẹ̀. Ìjọ ti ń bá èlé àjẹjù jà láti ayébáyé. Póòpù Benedict Kẹrìnlá kọ̀wé lé e lórí lọ́dún 1745. Ní ti iṣẹ́ àgbẹ̀, igbó ọba wà ní Ìsẹ̀, ìnàkí ṣì wà nínú rẹ̀, àwọn agégẹdú àti àwọn tó ń dáko sì ń jẹ ẹ́ wọlé. Laudato Si', lẹ́tà tí Póòpù Francis kọ lọ́dún 2015 lórí ìtọ́jú ilẹ̀ ayé, bá ẹ̀kọ́ yẹn mu gan-an. Ní ti ìdánwò, mi ò ní í fa ọ̀rọ̀ gùn: ilé ẹ̀kọ́ tó kọ Òfin Mẹ́wàá sára ògiri, tó tún gbowó lọ́wọ́ ọmọ kó lè rí ìwé jí wò, ti fi katikísìmù mìíràn kọ́ ọmọ náà.

Àwọn kan yóò ní òfin kò gbà á. Abala 38 ìwé òfin 1999 sọ pé a kò gbọ́dọ̀ fipá kọ́ ọmọ ní ẹ̀sìn tí kì í ṣe tirẹ̀ tàbí tí òbí rẹ̀ kò fọwọ́ sí. Abala yẹn náà ló sọ pé a kò gbọ́dọ̀ dí ìjọ lọ́wọ́ láti fi ẹ̀sìn kọ́ àwọn ọmọ ìjọ náà nílé ẹ̀kọ́ tó jẹ́ pé àwọn ló ń bójú tó o pátá. Nítorí náà, ọ̀rọ̀ mi kò kan Annunciation àti St. Louis tó ti bọ́ sọ́wọ́ ìjọba. Ṣùgbọ́n tí ìgbàgbọ́ bá wà nínú gbogbo iṣẹ́, níbo ni ọmọ Mùsùlùmí yóò jáde sí? Ìbéèrè yìí lágbára ju ìyókù lọ. Ìdáhùn mi ni pé Máàsì àti katikísìmù gbọ́dọ̀ wà fún ẹni tó bá fẹ́ nìkan, kí wọ́n sì kọ ọ́ kedere sínú fọ́ọ̀mù ìgbaniwọlé irú ẹ̀kọ́ tí ọmọ yóò gbà. Bíbi ọmọ bóyá èlé tọ́ kì í ṣe ìrìbọmi. Ẹ̀rù tún ń ba àwọn mìíràn pé olùkọ́ kẹ́místrì yóò di ajíhìnrere. Ẹni tó bá ń sọ pé Ọlọ́run ló dá omi dípò kó ṣàlàyé ohun tó di omi kò mọṣẹ́ rẹ̀, ẹ gba ṣọ́ọ̀kì lọ́wọ́ ẹ̀. Georges Lemaître, fadá ará Bẹ́ljíọ̀mù tó gbé èrò kalẹ̀ pé àgbáyé bẹ̀rẹ̀ láti ibi kékeré kan, kò fi Jẹ́nẹ́sísì rọ́pò ìṣirò.

Olùkọ́ ni iṣẹ́ wà lọ́wọ́ rẹ̀, ó sì yẹ kí ẹnì kan kọ́ ọ bó ṣe máa ṣe é. Ilé ẹ̀kọ́ gíga ìjọba, irú bíi yunifásítì ẹ̀kọ́ tó wà ní Ìkẹ́rẹ́, kò jẹ ìjọ ní gbèsè irú ìdánilẹ́kọ̀ọ́ yìí. Dáyósísì Èkìtì ló gbọ́dọ̀ ṣe é fúnra rẹ̀, ní ìgbà ìsinmi, kó sì sanwó rẹ̀. Àwọn bísọ́ọ̀bù ti ń bẹ ìjọba tipẹ́ pé kó dá ilé ẹ̀kọ́ wọn padà, Èkó sì dá díẹ̀ padà lọ́dún 2001. Kí Èkìtì tó dá ẹyọ kan padà, ẹ kọ́kọ́ fi èyí tó wà lọ́wọ́ yín hàn wá. Èyí tí kò bá lè sọ ohun tí ìgbàgbọ́ rẹ̀ ń ṣe nínú kíláàsì ìṣirò, kó yọ orúkọ ẹni mímọ́ kúrò lára pátákó rẹ̀.