Ọmọ tó ń kẹ́kọ̀ọ́ nílé, ẹ má fi ìròyìn dù ú

Lọ́jọ́ Sátidé kan, mo yà sílé ẹ̀gbọ́n mi n'Íbàdàn. Ọmọ rẹ̀ ọkùnrin, ọmọ ọdún mọ́kànlá, kì í lọ iléèwé. Inú ilé ni ìyá rẹ̀ ti ń kọ́ ọ. Ìṣirò rẹ̀ dáa ju tèmi lọ. Àmọ́ nígbà tí mo bi í pé pílánẹ́ẹ̀tì mélòó ló ń yí oòrùn po, ó ní mẹ́sàn-án. Ó tiẹ̀ gbé ìwé wá fi hàn mí. Òótọ́ ni, mẹ́sàn-án ló wà nínú ìwé náà. Bẹ́ẹ̀, láti oṣù Kẹjọ ọdún 2006 ni àjọ àwọn onímọ̀ sánmà lágbàáyé ti yọ Pluto kúrò lára wọn. Ó ku mẹ́jọ.

Ta la fẹ́ dá lẹ́bi? Kì í ṣe ọmọ, ìyá rẹ̀ náà ò sì ya ọ̀lẹ. Ìwé ò lè mọ ohun tó ṣẹlẹ̀ lẹ́yìn tí wọ́n tẹ̀ ẹ́. Iṣẹ́ ìròyìn nìyẹn. Ọmọ tó ń lọ iléèwé lè gbọ́ ọ lẹ́nu tíṣà tàbí lẹ́nu ọ̀rẹ́. Ọmọ tó ń kẹ́kọ̀ọ́ nílé, ẹnu òbí rẹ̀ ló ń wò.

Àwọn kan á ní, kí ló kàn wá pẹ̀lú Pluto, ṣé ibẹ̀ la fẹ́ lọ kọ́lé sí ni? Ó dáa, ẹ jẹ́ ká rántí Ebola. Oṣù Keje ọdún 2014 ló wọ Èkó. Nígbà tó di oṣù Kẹjọ, àtẹ̀jíṣẹ́ kan ń lọ láti orí fóònù dé orí fóònù pé kéèyàn fi omi iyọ̀ wẹ̀, kó sì mu ún, àrùn náà ò ní mú un. Irọ́ ni. Síbẹ̀, ọ̀pọ̀ èèyàn dìde lóru, wọ́n ṣe é. Àwọn kan dèrò ilé ìwòsàn, ẹ̀mí sì bọ́. Mo mọ ẹni tó gboyè yunifásítì tó wẹ̀ ẹ́. Ìwé ò wọ́n wọn. Wọn ò kàn mọ bí wọ́n ṣe ń bi ìròyìn léèrè ni: ta ló sọ ọ́? Ìgbà wo? Báwo ló ṣe mọ̀?

Òfin UBE ọdún 2004 gbé e lé òbí lọ́rùn pé kí ọmọ parí ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ àti JSS. Ẹni tó bá yàn láti kọ́ ọmọ rẹ̀ nílé ò sọ ẹrù yẹn kalẹ̀ o. Ṣe ló dá a rù.

Kò sì le. Ìròyìn kan lóòjọ́, ọgbọ̀n ìṣẹ́jú, ó tó. Ẹ mú abẹ́rẹ́ àjẹsára ibà tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í fún àwọn ọmọdé ní Kebbi àti Bayelsa lóṣù Kejìlá ọdún 2024. Kí ọmọ wá ìpínlẹ̀ méjèèjì lórí máàpù. Kó wádìí ìdí tó fi jẹ́ pé abo ẹ̀fọn nìkan ló ń kó ibà ranni. Tí ọmọ kan bá máa gba abẹ́rẹ́ mẹ́rin, mélòó ni ẹgbẹ̀rún ọmọ máa gbà? Kí ló dé tí NAFDAC fi gbọ́dọ̀ fọwọ́ sí i kí wọ́n tó gún ẹnikẹ́ni? Ẹ̀kọ́ mẹ́rin rèé nínú ìròyìn kan ṣoṣo.

Mo mọ̀ pé ẹ̀rù ìròyìn ń ba àwọn òbí: ìpànìyàn lónìí, ìjínigbé lọ́la. Ẹ ṣà á fún wọn, kẹ́ ẹ sì jókòó tì wọ́n. Àmọ́ ẹ má tìlẹ̀kùn mọ́ wọn, torí ọjọ́ tí ọmọ bá ní fóònù tiẹ̀, gbogbo ẹ̀ ló máa já lù ú lẹ́ẹ̀kan náà.

Nígbà tí Henry Townsend bẹ̀rẹ̀ Ìwé Ìròyìn l'Ábẹ́òkúta lọ́dún 1859, ara ohun tó ń wá ni pé kí ìwé kíkà mọ́ àwọn èèyàn lára. Ìròyìn ti ń ṣe tíṣà nílẹ̀ yìí tipẹ́.

Ẹ̀yin àǹtí àti bọ̀dá tí dátà wà lórí fóònù yín, ọ̀rọ̀ yìí kàn yín. Tẹ́ ẹ bá ní àbúrò tó ń kàwé nílé, ẹ fi ìròyìn kan ránṣẹ́ sí i lónìí, kẹ́ ẹ sì pè é lálẹ́ kẹ́ ẹ jọ jiyàn lé e lórí. Mo fi ọ̀kan ránṣẹ́ sí ọmọ ẹ̀gbọ́n mi lọ́sẹ̀ tó kọjá. Èsì tó fọ̀ ni pé, "Àǹkù, ẹ jọ̀ọ́, ta ló sọ ọ́?"

Ọmọ yẹn ti ń gbọ́n.